Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ibi tí "a" àti "an" ń dúró sí nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí "so", "too", "such" tàbí "quite" bá wà nítòsí

Ibo ni "a" tàbí "an" máa ń dúró sí nínú àpólà-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì?

Iwájú pátápátá ni. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá dá wà, "a house" ni a ó kọ. Bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá wọlé, àárín ni yóò bọ́ sí, "a big house". Bí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó ń sọ ìwọ̀n bá tún dé, òun náà yóò gba iwájú ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ṣùgbọ́n kò ní kọjá "a": "a very big house". Bákan náà ni "really", "extremely", "fairly", "pretty" àti "slightly" ṣe ń ṣe. Nítorí náà, kò sí ohun tó ń jẹ́ "very big a house" nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ ti ní láti yí ètò ọ̀rọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan kó tó lè sọ èyí, nítorí "ilé ńlá kan" ni àwa ń sọ, tí "kan" fi gbẹ̀yìn. Ohun tó wá ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú ni pé, nígbà tí ìlànà tuntun náà bá ti mọ́ ọn lára tán, yóò tún bá ọ̀rọ̀ mélòó kan pàdé tí kò tẹ̀ lé e.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni kò tẹ̀ lé ìlànà náà?

Wọn kò pọ̀, agbo méjì ni wọ́n sì pín sí. Nínú agbo kìíní ni "so", "too", "as" àti "how" wà, pẹ̀lú "this" àti "that" nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìwọ̀n. Àwọn wọ̀nyí máa ń fa ọ̀rọ̀ àpèjúwe mọ́ra, tí àwọn méjèèjì á sì jọ bọ́ síwájú "a": "so big a house", "too small a room", "how long a journey".

Nínú agbo kejì ni "such", "what", "quite", "rather", "half" àti "many" wà. Àwọn wọ̀nyí máa ń dá kọjá "a" ni. Wọn kì í mú ọ̀rọ̀ àpèjúwe dání: "such a big house", "what a small room", "quite a long journey". Ẹni tó bá ti mọ agbo tí ọ̀rọ̀ kan wà ti mọ ibi tí "a" yóò wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe tí a ń rí kò ju pé a fi ọ̀rọ̀ agbo kan sínú ètò agbo kejì, bíi "so a big house" tàbí "such big a house", tàbí pé a fi í sínú ètò "very".

Kí ló dé tí "a so big house" fi jẹ́ àṣìṣe, nígbà tí "a very big house" tọ̀nà?

Ó dà bíi pé ìtumọ̀ wọn sún mọ́ra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. "Very" ń sọ pé nǹkan pọ̀, ọ̀rọ̀ sì tán níbẹ̀. "So" ń fi ohun kan wé ìwọ̀n mìíràn tó wà níta rẹ̀: ó lè jẹ́ ìwọ̀n tí olùgbọ́ ti mọ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tí gbólóhùn náà yóò sọ níwájú, gẹ́gẹ́ bíi "so big a house that we got lost in it".

Ẹ wo àwọn yòókù nínú agbo kìíní, ẹ ó rí i pé bákan náà ni wọ́n rí. "Too" ń sọ pé nǹkan ti kọjá ààlà kan. "As" ń fi í wé ẹlòmíràn. "How" ń béèrè ìwọ̀n náà. "This" àti "that" ń tọ́ka sí i, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọwọ́ gan-an. Mi ò rí ọ̀nà mìíràn tó rọrùn ju èyí lọ láti fi rántí àwọn ọmọ agbo náà: ọ̀rọ̀ tó bá ń fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n ló ń fa ọ̀rọ̀ àpèjúwe kọjá "a".

Ẹ má ṣe jẹ́ kí "a so-called expert" tàn yín jẹ. "So-called" ti di ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan ṣoṣo tó dúró fúnra rẹ̀, kò sì sọ ìwọ̀n kankan.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín "so big a house" àti "such a big house"?

Ìtumọ̀ wọn kan náà ni. Ohun tó yà wọ́n ni ibi tí a ti ń lò wọ́n. "Such a big house" ni ènìyàn ń sọ lójoojúmọ́. "So big a house" ń dún bí ọ̀rọ̀ inú ìwé tàbí ọ̀rọ̀ ẹni tó dúró níwájú àwùjọ. Bí ẹ bá ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ lo "such". Bí ẹ bá ń kọ àròkọ tàbí lẹ́tà tó nílò ọ̀wọ̀, èyíkéyìí nínú méjèèjì dára.

Bí ọ̀rọ̀-orúkọ kò bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ àpèjúwe rárá, "so" nìkan ló ṣeé lò: "The house is so big." Ní ìdà kejì, bí kò bá sí ọ̀rọ̀ àpèjúwe, "such" nìkan ló lè dúró: "such a fool", "such a crowd". "Such a man" fúnra rẹ̀ ní ojú méjì. Ó lè túmọ̀ sí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìyìn tàbí ẹ̀gàn tí ọ̀rọ̀ tó yí i ká yóò jẹ́ ká mọ̀.

Ṣé mo lè kọ "so good books" tàbí "so cold water"?

Rárá. Ètò "so + ọ̀rọ̀ àpèjúwe" níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ kò ṣeé ṣe àfi bí "a" tàbí "an" bá wà níbẹ̀ tí yóò kọjá. "Books" jẹ́ ọ̀pọ̀, "water" kò sì ṣeé kà ní ẹyọ. Kò sí èyí tó ń gba "a" nínú wọn. "Such" ló ń gbani níhìn-ín: "such good books", "such cold water".

Ohun tó ń mú kí àwọn ènìyàn rò pé "so good books" tọ̀nà ni pé wọ́n ń gbọ́ "so many books" àti "so much water" níbi gbogbo. "Many", "much", "few" àti "little" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpèjúwe lásán. Iye tàbí òṣùwọ̀n ni wọ́n ń sọ, ipò kan náà tí "a" ìbá wà ni wọ́n sì wà. Ìdí nìyẹn tí "so" fi lè bá wọn lọ tààrà láìsí wàhálà.

"Little" ló yẹ ká ṣọ́ra fún jù lọ, nítorí ó ní ìtumọ̀ méjì. Bó bá túmọ̀ sí pé nǹkan kò pọ̀, "so" ni: "so little money". Bó bá túmọ̀ sí pé nǹkan kéré lára, ó ti padà di ọ̀rọ̀ àpèjúwe nìyẹn, "such" ni yóò sì gbà: "such little boxes". Ẹni tó bá kọ "such little money" lè mú kí òǹkàwé máa ro owó tó kéré ní ìrísí, bíi pé wọ́n gé e.

"Such an information" ń kọ́?

Àṣìṣe ni, kì í sì í ṣe nítorí "such". "Information" ni kò gba "an". Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni "advice", "news", "furniture", "luggage", "equipment", "homework", "progress" àti "weather". A ó kọ "such useful information", "such heavy luggage", "what lovely weather", láìsí "a" nínú èyíkéyìí. Fún ìdí kan náà, "so useful an information" kò ṣeé kọ.

Gẹ̀ẹ́sì kò dúró lójú kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ ká gbà bẹ́ẹ̀. "Pity", "shame", "relief" àti "waste" náà ń sọ ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn, síbẹ̀ wọ́n ń gba "a": "what a pity", "such a relief", "so great a waste". "Knowledge" wà láàárín: òun nìkan kò gba "a", ṣùgbọ́n bí a bá ṣàpèjúwe rẹ̀, ó lè gbà á, "such a good knowledge of the law". Kò sí òfin tó kó gbogbo wọn pọ̀. Kíkà ló ń kọ́ni.

Báwo ni a ṣe ń lo "too"?

"Too small a room", "too high a price", "too easy a question". "Too" kò ní ẹnìkejì nínú agbo kejì, bí "so" ṣe ní "such". Nítorí náà, ètò yìí wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ju ti "so" lọ, kò sì le létí tó bẹ́ẹ̀.

Àìní ẹnìkejì yìí náà ló fa ìṣòro nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ ọ̀pọ̀ tàbí tí kò ṣeé kà. "Too small rooms" kò dára, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí a lè fi rọ́pò "too". Ńṣe ni a ó tún gbólóhùn náà tò: "The rooms are too small" tàbí "rooms that are too small". Bẹ́ẹ̀ náà ni "The water is too hot", kì í ṣe "It is too hot water".

Ọ̀rọ̀ tó bá ń fún "too" lágbára máa ń bá a lọ síwájú "a": "far too high a price", "much too small a room", "all too short a visit".

Ṣé "as good a teacher as her mother" ni mo gbọ́dọ̀ kọ, àbí "as a good teacher as her mother"?

Ti àkọ́kọ́ ni. "As" wà nínú agbo kìíní, "good" gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Èkejì burú ju bí ó ṣe rí lójú lọ, nítorí "as a good teacher" ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀: gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ rere. "As a good teacher, she listens" ń sọ pé ó jẹ́ olùkọ́ rere, ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ́tí sílẹ̀. Kò fi í wé ẹnikẹ́ni. Òǹkàwé tó bá pàdé "as a good teacher as" yóò kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí lọ, kó tó di pé "as" kejì dá a padà.

A lè fi ọ̀rọ̀ kún "as" níwájú: "just as good a teacher", "nearly as big a house", "twice as long a journey". Fún ọ̀pọ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ àpèjúwe sẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ: "teachers as good as her mother".

Ìgbà wo ni mo ń lo "how", ìgbà wo sì ni "what a"?

"How" ń béèrè ìwọ̀n, "what a" ń fi ìyanu hàn. "How big a house do you need?" jẹ́ ìbéèrè, "What a big house!" jẹ́ ìyanu. Ìbéèrè tó wà nínú gbólóhùn mìíràn náà ń lo "how": "Nobody knew how great a risk it was." "How" lè fi ìyanu hàn, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń jẹ́ láìsí ọ̀rọ̀-orúkọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àpèjúwe: "How big it is!"

"However" ń tẹ̀ lé "how": "however small a mistake it may be".

Ẹ kíyè sí ètò ìyókù gbólóhùn. Lẹ́yìn "what a" ti ìyanu, olùwà ni yóò ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe: "What a big house it is!" Ẹni tó bá kọ "What a big house is it!" ti da ìbéèrè pọ̀ mọ́ ìyanu.

"A" ni àbí "an", nígbà tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e tààrà ló ń pinnu. Bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá ti lọ síwájú, ọ̀rọ̀-orúkọ ni a ó máa wò. Nítorí náà "an easy question" yóò di "too easy a question", nígbà tí "a difficult exam" yóò di "too difficult an exam". Pẹ̀lú agbo kejì, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ṣì wà lẹ́yìn, òun ni a ó wò: "such an easy question", "such a difficult exam".

Ohùn ni à ń gbọ́, a kì í wo lẹ́tà. "Honest" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró fáwẹ̀lì nítorí "h" rẹ̀ kò dún, "such an honest man" sì ni. "University" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró "y", "so old a university" sì ni. Ibí yìí ni àwọn tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa pàápàá ti máa ń ṣì í kọ, nítorí ọwọ́ wọn ti kọ "an" kí wọ́n tó yí ètò ọ̀rọ̀ náà padà.

Báwo ni "quite" àti "rather" ṣe ń ṣe?

"Quite" sábà máa ń ṣáájú "a": "quite a good book". "A quite good book" kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá jẹ́ irú èyí tí kò ní ìdajì, bíi "impossible" tàbí "extraordinary", méjèèjì dára: "quite an impossible task" àti "a quite impossible task".

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "quite a good book" sábà máa ń jẹ́ ìyìn tó ní ìdẹ̀kun, ìwé tó dára dé ìwọ̀n kan. Ní Amẹ́ríkà, "quite good" sún mọ́ pé ó dára gan-an. Tí kò bá sí ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ìyanu ló kù: "quite a crowd", "quite a story". "Quite a few" sì túmọ̀ sí ọ̀pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "few" wà nínú rẹ̀.

"Rather" fàyè gba ètò méjèèjì láìsí ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì: "rather a cold day", "a rather cold day". Tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe kò bá sí, iwájú nìkan ló lè wà: "rather a pity". Ẹ má ṣe fi "fairly" àti "pretty" wé wọn. Àwọn wọ̀nyẹn kì í kọjá "a".

"Half" àti "many" ń kọ́?

"Half an hour", "half a mile", "half a cup". Ẹ tún lè rí "a half hour", pàápàá nínú Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà.

"Many a" jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ díẹ̀, ó sì ní ẹ̀tàn nínú. Ọ̀pọ̀ ló túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹyọ ni gírámà rẹ̀: "Many a student has failed here", kì í ṣe "have failed", kì í sì í ṣe "many a students".

Ṣé "not that big of a deal" tọ̀nà?

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, pàápàá ní Amẹ́ríkà, ẹ ó gbọ́ ọ lọ́pọ̀lọpọ̀: "that big of a deal", "too long of a wait", "how big of a house". Nínú ìwé tó nílò ọ̀wọ̀, ẹ yọ "of" kúrò: "not that big a deal", "too long a wait". Èrò tèmi ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lóye rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́ ọ, kó má sì kọ ọ́ sínú ìdánwò.

A lè rí ibi tí "of" náà ti wá. Nínú àwọn ètò kan, "of" jẹ́ dandan, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí: "much of a singer", "more of a problem", "less of a risk", "enough of a reason", "something of a mystery". Nínú wọ̀nyí, "much" àti "more" ń sọ òṣùwọ̀n, wọn kì í ṣàpèjúwe. Ó dà bíi pé àwọn ènìyàn fi "big" sí ibi tí "much" wà.

Ẹ tún yà á sọ́tọ̀ sí "not so much a question as a complaint", níbi tí kò ti sí "of". Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé nǹkan náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìbéèrè, ẹ̀sùn ló jẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá jẹ́ méjì, ṣé méjèèjì ni yóò lọ síwájú?

Èyí tí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà bá ń wọ̀n nìkan ló ń lọ. "A tall young man" yóò di "so tall a young man", nítorí gíga rẹ̀ ni ó yà wá lẹ́nu. "Young" yóò dúró sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí "and" bá so méjèèjì pọ̀, tí "so" sì ń wọ̀n wọ́n pa pọ̀, wọ́n á jọ lọ: "so old and respected a family".

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó bá mú ọ̀rọ̀ àpọ́nlé mìíràn dání yóò lọ pẹ̀lú rẹ̀ ní odindi: "so badly written a letter", "too carefully planned a crime". Gírámà gbà á, ṣùgbọ́n bí ohun tó kọjá níwájú "a" bá ti gùn jù, òǹkàwé á máa wá ọ̀rọ̀-orúkọ kiri. Ní irú ibẹ̀, "such a badly written letter" ló sàn.

Ibo ni "that" tàbí "to" tó parí èrò náà yóò wà?

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ni. "So heavy a box that nobody could lift it", "too good a chance to miss", "as kind a woman as you will ever meet". A kò gbọ́dọ̀ fi apá tó parí èrò náà há àárín ọ̀rọ̀ àpèjúwe àti "a". "Too good to miss a chance" ti di ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá: ènìyàn kan ló dára débi pé kò lè pàdánù àǹfààní.

Ṣé "so" àti "such" lè bá "the" tàbí "my" lọ?

Rárá. "So good the book" kò sí, "such my friend" kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ọ̀rẹ́ òun ṣeun gan-an yóò gbé "my" sẹ́yìn: "such a good friend of mine". Àwọn tó ń ṣáájú "the" àti "my" jẹ́ ẹbí mìíràn, "all", "both", "half", "double" àti "twice": "all the money", "both my brothers", "twice the price".

"Such" tún yí ipò padà nígbà tí "no", "any", "one", "many" tàbí "another" bá wà. Ẹ̀yìn wọn ló máa ń wà: "no such thing", "one such case", "many such cases". Nítorí náà "no such a thing" jẹ́ àṣìṣe, bó tilẹ̀ wọ́pọ̀ lẹ́nu ènìyàn.

"A better player" ló wọ́pọ̀. Kí ló dé tí mo tún ń rí "no better a player"?

Nítorí "no". "Better", "more difficult" àti "less serious" ń dúró lẹ́yìn "a" bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe mìíràn: "a better player", "a more difficult question". Bí "no" bá wá wọ̀n wọ́n, yóò ṣe bí ọmọ agbo kìíní, yóò sì fà wọ́n síwájú: "no better a player than his brother", "no less serious a matter". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì kò ju ara wọn lọ.

"Enough" yàtọ̀, nítorí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ àpèjúwe ló ń wà nígbà gbogbo. "A big enough house" ni ó wọ́pọ̀ jù. "A house big enough for us" náà dára. "Big enough a house" ṣọ̀wọ́n, ó sì ń dún bí ìwé.

Bí "a so good idea" bá jẹ́ àṣìṣe, kí ló dé tí "a not so good idea" fi tọ̀nà?

Ìbéèrè yìí ló ta kókó jù nínú gbogbo wọn. "So", "too" àti "that" nìkan kò lè dúró lẹ́yìn "a", ṣùgbọ́n bí "not" bá ṣáájú wọn, gbogbo rẹ̀ lè di ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan ṣoṣo: "a not so good idea", "a not too difficult question". Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń fi ìlà kékeré so wọ́n pọ̀, "a not-so-good idea", kí ó lè hàn pé ọ̀rọ̀ kan ni. Ó lè bá "the" pàápàá lọ, gẹ́gẹ́ bíi "in the not too distant future", èyí tí a ti rí i pé "so" àti "too" lásán kò lè ṣe.

Ètò agbo kìíní ṣì ṣeé lò pẹ̀lú "not", ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ni "not" ń bá lọ: "It is not so good an idea." Ní ti "a not so good idea", àpèjúwe èrò náà gan-an ni "not" wọ̀, ó sì sábà máa ń ní ẹ̀rín ìkọ̀kọ̀ nínú, nítorí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé èrò náà kò dára rárá.